Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta la ní: báwo la ṣe lè lò ó kó dé ara ìkókó?

Alábòójútó_Wọ́ọ̀dù béèrè:

Ẹ̀yin ará Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.

Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa níhà Ìkọ̀lé rí owó díẹ̀ gbà. Àlàkalẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé ká kó òṣìṣẹ́ ìlera 20 jọ fún ọjọ́ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí 4, CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò) 12, JCHEW (igbákejì wọn) 4. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí ìtọ́jú ìkókó láti ìgbà tó bá ti délẹ̀ títí di ọjọ́ 28, pẹ̀lú díẹ̀ lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn tó fún wa lówó fẹ́ ká kọ́kọ́ wọ ojúlé dé ojúlé, ká ka iye ìkókó tó kú láàárín ọdún kan, ká tún kà á lẹ́yìn ọdún kan sí i, ká fi mọ̀ bóyá owó náà so èso.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé rẹ́jísítà ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ikú ìkókó kankan nínú. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè ti 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kì í lo ọjọ́ 28 láyé. Èkìtì lè sàn ju ti gbogbo orílẹ̀-èdè lọ, àmọ́ kò lè jẹ́ òdo. Báwo lèèyàn ṣe ń béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn ìyá?

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ló yẹ kó gba àkókò jù nínú ọjọ́ mẹ́ta náà? Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ fi odindi ọjọ́ kan kọ́ wọn lójú bọ́ọ̀dù. Ọmọlángidi tí wọ́n fi ń kọ́ni ní mímú ọmọ mí, méjì péré la rí yá, ámbù, báàgì tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ nínú, sì jẹ́ mẹ́ta. Ìwé-ẹ̀rí ti wà, oúnjẹ ọ̀sán ti wà, owó ọkọ̀ ti wà. Àwọn nǹkan yẹn kì í wọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Olùwádìí dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tó lè bà yín nínú jẹ́ díẹ̀: ẹ má fi iye ikú díwọ̀n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí wọ́ọ̀dù yín bá ń bí ọmọ 200 lọ́dún, tí ẹ bá lo 39 nínú 1,000 yẹn, ikú bíi 8 lẹ ó máa retí. Lọ́dún tó ń bọ̀ ó lè jẹ́ 4, ó lè jẹ́ 13, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ohunkóhun padà. Bó bá jẹ́ 4, wọ́n á ní ẹ ṣe bẹbẹ. Bó bá jẹ́ 13, wọ́n á ní ẹ ná owó dànù. Irọ́ ni méjèèjì.

Ohun tí ọmọ 200 lè fi hàn yín ni ìṣe. Mélòó ni wọ́n nù gbẹ kí ibi ọmọ tó jáde? Mélòó ló mu ọmú láàárín wákàtí kan? Mélòó ni wọn ò wẹ̀ títí wákàtí 24 fi pé? Mélòó ni wọ́n fi chlorhexidine, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, sí ìwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní? Mélòó ni òṣìṣẹ́ ìlera fojú ara rẹ̀ rí nílé kí ọjọ́ kẹta tó kọjá? Bí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí bá kúrò ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tó di ìdá 60, kò sẹ́ni tó máa pè é ní èèṣì. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ mú wọ́ọ̀dù tó múlé gbè yín mọ́ ọn, ẹ ṣẹ́ kèké ní gbangba, kí ibì kan kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí èkejì gbà á lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ẹ fi ìṣe àwọn méjèèjì wéra láàárín oṣù mẹ́fà yẹn. Kèké sàn ju kí alága fọwọ́ yan ìlú ìyá rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ ka ikú, nítorí ohun tó fà á ló máa sọ ohun tí ẹ ó kọ́ àwọn èèyàn. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà béèrè ló ṣòro níbẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání tó ń béèrè pé "Ọmọ yín mélòó ló ti kú?", wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á sì ní kò sí. Orí oyún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: "Ìyá, láti ìgbà tí ẹ ti wọlé ọkọ, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti lóyún?" Kí ẹ wá máa mú oyún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́kọ́: ti èyí ńkọ́, ibo lẹ bí i sí, báwo ló ṣe ń ṣe? Bí ọmọ náà ò bá sí mọ́, ìyá á sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀: "kò dúró", "ó ti padà". Àwọn ará ilé á ní "omi ló dànù, agbè ò fọ́". Kí akọ̀wé ìwádìí mọ̀ pé ikú ìkókó ni wọ́n ń sọ fún un, kó má lọ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ omi.

Ikú tó ń bọ́ sọnù jù ni ti ọmọ tí kò dé ọjọ́ kẹjọ. Kò tíì gba orúkọ, kò sí ìkómọ, kò sí káàdì àjẹsára, àdúgbò kì í sì í mẹ́nu bà á mọ́. Ìdí nìyẹn tí rẹ́jísítà yín fi mọ́ fóò. Inú ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn sì ni bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ikú ìkókó ti ń ṣẹlẹ̀.

Ohun kejì tó ń dàrú ni òkú ọmọ àti ọmọ tó kú lẹ́yìn tí wọ́n bí i tán. Bí ẹ bá kàn béèrè pé "ṣé òkú ọmọ ni?", ohun tí agbẹ̀bí sọ fún ìyá lọ́jọ́ náà ni yóò tún sọ fún yín. Ẹ béèrè rẹ̀ ní mẹ́ta: ṣé ó ké, kódà lẹ́ẹ̀kan? Ṣé ó mí, kó tiẹ̀ jẹ́ díẹ̀? Ṣé apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ mì? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ààyè ni wọ́n bí i. Ẹ wá béèrè bí awọ ara rẹ̀ ṣe rí. Bí awọ náà bá ń ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, inú ló ti kú kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aboyún nìyẹn. Bí awọ bá pé tó sì ń dán, àsìkò ìrọbí ló kú, tàbí kẹ̀ ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù kìkì nígbà tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irú àwọn yìí ni ọwọ́ tó já fáfá lè gbà là.

Ẹni tó ń béèrè ńkọ́? Obìnrin àgbà díẹ̀ tó gbọ́ Èkìtì dáadáa, tí kò ní máa wo ìyá lẹ́nu bó bá pe ilé ní ulé. Kò gbọdọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bímọ náà, nítorí kò sí ìyá tó máa sọ fún un pé wọ́n pariwo mọ́ òun. Ẹ má lọ kí ogójì ọjọ́ ọ̀fọ̀ tó kọjá, ẹ má sì jẹ́ kó ju ọdún kan lọ, torí ọkàn á ti gbàgbé ọjọ́ àti àmì. Kí ẹ má ka àárín ìlú nìkan. Àwọn Ìgbìrà àti àwọn mìíràn tó ń dáko ní àbà kì í sábà sí nínú àkọsílẹ̀ ojúlé, bẹ́ẹ̀ àwọn ló jìnnà sí ilé ìwòsàn jù.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìlànà ìwádìí wò, kí ẹ tó lọ kí Kábíyèsí àti ìyálọ́jà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ka èèyàn tán, ìwé àṣẹ ò ṣiṣẹ́ sẹ́yìn.

Olùkọ́_Agbẹ̀bí dáhùn:

Nọ́ọ̀sì ti parí ọ̀rọ̀ kíkà. Ẹ jẹ́ ká wá sídìí tábìlì.

Odindi ọjọ́ kan lójú bọ́ọ̀dù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e sí wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó ń ka bọ́ọ̀dù nígbà tí ọmọ ò bá ké.

Ọmọlángidi méjì kò tó fún èèyàn 20. Nínú ètò Helping Babies Breathe (ẹ̀kọ́ ríran ìkókó lọ́wọ́ láti mí) tó jáde ní 2010, olùkọ́ kan kì í kọ́ ju akẹ́kọ̀ọ́ bíi 6 lọ, èèyàn méjì ló sì ń pín ọmọlángidi kan. Bí ẹ ò bá rí ju méjì yìí, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: ọ̀wọ́ kan nídìí ọmọlángidi, ọ̀wọ́ kan ń ka mímí ọmọ lójú fídíò, ọ̀wọ́ kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ọmọ kékeré mọ́ àyà ìyá. Kí wọ́n máa yí i. Bó bá jẹ́ irú ọmọlángidi tó ń gba omi, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i nínú kó lè wúwo, kó sì rọ̀ lọ́wọ́ bí ọmọ gidi.

Ìṣẹ́jú kan péré ni gbogbo eré náà. Gbàrà tí ọmọ bá délẹ̀, ẹ nù ún gbẹ: orí, ẹ̀yìn, abíyá. Ẹ sọ aṣọ tútù yẹn nù, ẹ gbé e lé ìyá láyà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ mìíràn bò ó. Nínù yẹn nìkan ló ń jí ọ̀pọ̀ ọmọ. Bí kò bá ké, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bí nǹkan bá dí i, ẹ fà á, ẹnu kó tó kan imú, torí bí ẹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan imú, ọmọ á mí sínú lójijì, ohun tó wà lẹ́nu á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí kò bá sí ohun tó dí i, ẹ má fà á rárá, nítorí fífa ọ̀fun lè mú kí ọkàn ọmọ falẹ̀. Ẹ fọwọ́ ra á lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Kò mí síbẹ̀? Ẹ di ìwọ́, ẹ gé e, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ámbù ti máa ṣiṣẹ́ kí ìṣẹ́jú kan náà tó pé. Ìwọ̀n 40 ní ìṣẹ́jú kan: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wí "méjì, mẹ́ta", ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó ń bàjẹ́ jù ni ọrùn. Àwọn kan á tẹ orí ọmọ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ gé irun rẹ̀, àwọn kan á jẹ́ kí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Ọ̀nà ọ̀fun dí ní méjèèjì. Kí ojú ọmọ kọ àjà, kí imú rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti yàrá kejì. Ẹ ká aṣọ tínrín kan sábẹ́ èjìká rẹ̀, kì í ṣe sábẹ́ orí. Lẹ́yìn ọrùn, ìbòjú ámbù. Nọ́ńbà 1 ni ti ọmọ tó pé oṣù, nọ́ńbà 0 ni ti ọmọ kékeré. Ó gbọ́dọ̀ bo àgbọ̀n, ẹnu àti imú, kó má gun ojú. Bí ẹ bá ń gbọ́ "fùù" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, atẹ́gùn ń jò nìyẹn.

Àyà ọmọ ni kí ẹ máa wò, ẹ fi báàgì sílẹ̀. Bí àyà ò bá gbéra, ẹ tún ìbòjú gbé, ẹ tún orí tò, ẹ wo ẹnu bóyá ó dí, ẹ la ẹnu ọmọ díẹ̀, kí ẹ tó wá tẹ báàgì le sí i. Báyìí ló ṣe tẹ̀ léra. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo gbogbo rẹ̀ lọ sórí títẹ̀ le. Gbígbá ọmọ nídìí, dídorí rẹ̀ kodò, wíwọ́n omi tútù sí i lára: gbogbo ìyẹn ń jẹ ìṣẹ́jú kan náà, omi tútù sì ń mú kí ara ọmọ tutù, ẹ̀mí rẹ̀ á wá lọ sílẹ̀ sí i.

Ámbù gbọ́dọ̀ ti wà lórí tábìlì, kí wọ́n sì ti dán an wò, kí orí ọmọ tó yọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìbòjú pinpin, ẹ tẹ báàgì: fáàfù á ṣí, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wú padà kíá. Bí kò bá wú, wọ́n ti fi fáàfù kékeré yẹn sí i lódìlódì lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Fún fífọ̀, ẹ tú u palẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10 bí ìwé rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó tò ó padà. Fún tábìlì àti ohun tí ẹ̀jẹ̀ kàn, bí 3.5% bá wà lára ìgò Jik, ife kan sí omi ife mẹ́fà ló ń fún yín ní 0.5%.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an rèé. Ní Tanzania, ìwádìí tó jáde ní 2013 láti ilé ìwòsàn 8 fi hàn pé lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ikú ìkókó láàárín wákàtí 24 fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, òkú ọmọ tí awọ rẹ̀ ṣì pé sì fi ìdá 24 dínkù. Inú wa dùn. Lọ́dún kan náà, wọ́n wo ilé ìwòsàn Haydom ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣe dáadáa lára ọmọlángidi, ṣùgbọ́n lára ọmọ gidi, kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìdánrawò ráńpẹ́ lemọ́lemọ́ nínú yàrá ìgbẹ̀bí gan-an ni ikú tó dínkù. Nítorí náà, bí owó yín bá tó fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lo méjì. Ẹ fi owó ọjọ́ kẹta ra ọmọlángidi tiyín. Kó wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí, lórí tábìlì, kó má wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bá ọ̀gá lọ sí Adó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 ní gbogbo ọ̀sẹ̀, èèyàn méjì-méjì, ọ̀kan ń ṣe é, èkejì fi fóònù ka ìṣẹ́jú. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé kan tó so mọ́ ògiri: ọjọ́, orúkọ, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kí àyà tó gbéra.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n kọ:

Gbogbo èyí dára, àmọ́ ilé ìwòsàn nìkan lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Èkìtì, ilé àgbẹ̀bí ìjọ ni wọ́n ń bí sí, tàbí ọ̀dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí àdúgbò. Ṣé kí a kó wọn mọ́ àwọn 20 yẹn ni, àbí kí a sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣíwọ́? Nítorí wọn ò ní ṣíwọ́ o.

CHEW_Ìjerò dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ẹ má kó wọn mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ méjèèjì yàtọ̀. Ẹ pè wọ́n lọ́tọ̀, ìdajì ọjọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: ẹ nù ọmọ gbẹ kí ẹ fi sí ìyá láyà, ẹ má fi ohunkóhun sí ìwọ́ àfi chlorhexidine, ẹ pè wá lọ́jọ́ tí ìyá bá bímọ. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù méjì sára ògiri wọn, kì í ṣe sórí bébà. Bí ẹ bá bá wọn jà, wọ́n á máa fi ọmọ tó ń kú pamọ́ fún yín, rẹ́jísítà á sì tún mọ́ fóò.

Ọ̀gá alábòójútó, apá tó ń ṣubú lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni àbẹ̀wò ilé. WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti UNICEF (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọmọdé) ti sọ ọ́ láti 2009: àbẹ̀wò àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24, èkejì lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀kẹta kí ọjọ́ keje tó parí bó bá ṣeé ṣe. Èyí tí wọ́n ń fò jù ni ti ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ni àìsàn tó ń mú ọmọ kú ń yọjú. Epo ọ̀kadà ni ó ń dá a dúró, kì í ṣe ìmọ̀. Ẹ fi owó epo sínú ìwé ìnáwó.

Nínú àbẹ̀wò, ẹ tú ọmọ sí ìhòòhò díẹ̀, ní yàrá tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ò ti wọlé. Ẹ fi tẹmómítà sí abíyá: 36.5 sí 37.5 ló dáa. Ẹ wo ìwọ́ bóyá ó pọ́n yíká tàbí ó ń run. Ẹ jẹ́ kó mu ọmú níṣojú yín, ẹ má gba ti "ó ń mu dáadáa". Lẹ́yìn náà ẹ ka mímí, odindi ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ọmọ dákẹ́ tí kò sì mu ọmú lọ́wọ́. Kíka ìdajì ìṣẹ́jú kí a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì máa ń tan ni jẹ, torí ìkókó á mí kíákíá, á dúró, á tún mí. Ìmísínú àti ìmísóde jẹ́ ẹyọ kan. Bó bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ tún kà á. Bó bá tún tó 60, ó ti di ọ̀rọ̀ àìsàn. Fún ọmọ tó ti pé oṣù méjì, 50 ni ààlà. Láti ọdún kan, 40.

Àmì tí ìyá gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó jáde: ọmọ kọ ọmú, gìrì, mímí hẹlẹhẹlẹ, abẹ́ àyà tó ń wọ inú bó ṣe ń mí, ara gbígbóná tàbí ara tútù, ọmọ tí kò mì àfi bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan péré ti tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi àdí pa á lára, tàbí kí wọ́n máa se àgbo gìrì. Ọsibítù ńlá ní Ìdó tàbí Adó ni, ọmọ mọ́ àyà ìyá lórí ọ̀kadà, kó máa mu ọmú lọ́nà.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti lọ ńkọ́? Ìdáhùn ti wà, ilẹ̀ yìí náà sì wà lára ibi tó ti jáde: Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Zaria wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí AFRINEST, lórí títọ́jú ìkókó tó ń ṣàìsàn tí kò lè dé ọsibítù, pẹ̀lú Kẹ́ńyà àti Kóńgò. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 2015, WHO gbà pé bí ìdílé bá kọ̀ láti gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ńlá, òṣìṣẹ́ tó gba ẹ̀kọ́ lè tọ́jú rẹ̀ nítòsí ilé: abẹ́rẹ́ gentamicin lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, amoxicillin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7, ní ìwọ̀n bí ọmọ ṣe wúwo. Ti ọmọ tó ń ní gìrì tàbí tí kò lè mu ọmú rárá ò sí nínú rẹ̀ o. Nítorí náà, sikéèlì tó péye ṣe pàtàkì ju ìwé-ẹ̀rí lọ.

Nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń gbàgbé: káfúrà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a bí pẹ̀lú àìtó èròjà G6PD nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá wọ aṣọ tí wọ́n kó káfúrà sí fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ojú á pọ́n bí epo, ìyẹn ibà pọ́njú. Ẹ gbóòórùn àpótí aṣọ ọmọ. Fún ọmọ dúdú, ẹ tẹ èrìgì tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ wò ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ara bá ti pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ má dúró.

Ti ìgbẹ́ gbuuru, kúkúrú ni: sáṣẹ́ẹ̀tì ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ) tó bá jẹ́ ti lítà kan, omi inú ọ̀rá méjì ti 50cl ni. Ẹ wo ara sáṣẹ́ẹ̀tì, torí ti ìdajì lítà náà wà. Zinc 20mg lójúmọ́, ìdajì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tó oṣù mẹ́fà, ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ náà bá ti dá.

Alábòójútó_Wọ́ọ̀dù kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ọjọ́ kẹta ti di owó ọmọlángidi, màá lọ bá ìgbìmọ̀ jà lórí rẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine máa ń tán lọ́jà. Ṣé sípíríìtì lè rọ́pò rẹ̀ fún ìwọ́? Mo tún rí i pé ìgò olómi wà tó dà bí ti oògùn ojú.

Apoògùn_Adó dáhùn:

Sípíríìtì kì í ṣe ìrọ́pò rẹ̀, ọ̀gá. Bí jẹ́ẹ̀lì bá tán, ẹ fi ìwọ́ sílẹ̀ ní mímọ́ àti gbígbẹ, ẹ ká ìlédìí ọmọ sísàlẹ̀ ìdodo kí ìtọ̀ má bàa dé ibẹ̀. Kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí òrí, kò sí aṣọ tí wọ́n yá níná. Ìyá àgbà ló máa ń ṣe nǹkan wọ̀nyí, nítorí náà ẹ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, ẹ má bá ìyá ọmọ nìkan sọ ọ́.

Bí ẹ bá ń ra jẹ́ẹ̀lì, ohun tó yẹ kó wà lára rẹ̀ ni chlorhexidine digluconate 7.1%. Ẹ fi sí i láàárín wákàtí méjì tí ẹ gé ìwọ́, kó dé orí rẹ̀, ara rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ níbi tó ti kan awọ ikùn, kí ìyá wá máa fi í sí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ títí ìwọ́ á fi já.

Ti ìgò olómi yẹn, ẹ ti rí i gan-an. WHO ti kìlọ̀ pé wọ́n ti kán an sójú ìkókó láwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan, nítorí ìgò rẹ̀ jọ ti oògùn ojú, ó sì ba ojú wọn jẹ́ gidigidi. Bí ó bá kán sójú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró bu oògùn kankan sí i, ẹ gbé ọmọ lọ bá dókítà ojú. Ẹ ra èyí tó wà nínú túùbù, ẹ má kó o sórí pẹpẹ kan náà pẹ̀lú oògùn ojú. Kí ẹ tó fún ìyá, ẹ fi bírò aláwọ̀ pupa kọ ọ́ sára páálí gàdàgbà: ÌWỌ́ NÌKAN. Bí kò bá mọ̀wé, ẹ ya ìdodo sí i.